Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ọ̀rọ̀ lórí Ọwọ́ Ẹ̀yìn Ikọ̀ Manchester United, 2013 sí 2025

   

1. Ìfáàrà

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n mú àkòrí wá, mo mú un wá, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé mo fi ìwé ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí àwọn. Ewì tàbí ìtàn-àròsọ ni wọ́n ń retí láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ lítíréṣọ̀. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n bá nínú ìwé. Mo dá wọn lóhùn pé n kò ṣìnà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi gbogbo iṣẹ́ ọnà tí mo bá kà: báwo ni àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ṣe so mọ́ ara wọn tí wọ́n fi di odidi? Ìbéèrè náà ni mo fẹ́ bi ọwọ́ ẹ̀yìn ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan ní ìrọ̀lẹ́ òní.

Mo mú Manchester United nítorí pé àwọn ènìyàn wa mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Kò sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù láti Ìbàdàn títí dé Àkúrẹ́ tí a kò ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rí. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wọ àwọ̀n wọn, ẹnì kan yóò bú orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan, ẹnì kejì yóò ní kí wọ́n lọ ra òmíràn. Wọ́n á sì rà á. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, èébú náà yóò tún dún. Orúkọ nìkan ni yóò yí padà.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ. Ọwọ́ ẹ̀yìn kì í ṣe àkójọ ènìyàn, ìhun ni. A lè fi owó ra ènìyàn, ṣùgbọ́n àkókò ni a fi ń mọ ìhun. Ẹni tí ó bá ń ra ènìyàn, tí kò sì fún wọn ní àkókò, ó ń ra búlọ́ọ̀kù jọ láìmọlé ni. Mo sì ní ìdí ti ara mi tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára, nítorí pé èmi náà ti gbá ọwọ́ ẹ̀yìn rí. N óò dé ibẹ̀.

2. Ohun tí wọ́n rà àti ohun tí wọ́n rí

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni Sir Alex Ferguson, ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 1986, fi iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ahun ni àwọn tí ó ni ikọ̀ náà bí ó bá di ti ọwọ́ ẹ̀yìn. Ní ọdún 2014, wọ́n ra Luke Shaw láti Southampton àti Marcos Rojo láti Sporting ti ìlú Lisbon. Ní ọdún 2015, wọ́n ra Matteo Darmian láti Torino. Ní 2016, Eric Bailly láti Villarreal. Ní 2017, Victor Lindelöf láti Benfica. Ní ọdún 2019, wọ́n ra Aaron Wan-Bissaka láti Crystal Palace, wọ́n sì san mílíọ̀nù 80 pọ́n-ùn fún Leicester City lórí Harry Maguire. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ọwọ́ ẹ̀yìn kankan ní gbogbo àgbáyé tí wọ́n tíì san irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí. Ní ọdún 2021, Raphaël Varane dé láti Real Madrid, ẹni tí ó ti gba Ife Àgbáyé pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé ní 2018. Ní ọdún 2022, Lisandro Martínez dé láti Ajax. Ní 2024, Leny Yoro dé láti Lille, Matthijs de Ligt sì dé láti Bayern Munich.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iye góòlù tí ó wọ àwọ̀n wọn nínú líìgì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 lọ́dọọdún. Ní sáà 2017/18, góòlù 28 ni. Ní 2018/19, ó di 54. Ní 2019/20, ó wálẹ̀ sí 36. Ní 2020/21, ó tún gun òkè sí 44. Ní 2021/22, 57. Ní 2022/23, ó jẹ́ 43. Ní 2023/24, 58. Ní 2024/25, 54, wọ́n sì parí sáà náà sí ipò 15.

Bí a ṣe ń ka ìwé ni kí a ka àwọn iye yìí, kí a má kàn kà wọ́n bí ẹni ń ka owó. Ohun mẹ́ta ni mo rí kà nínú wọn. Èkíní, láti 28 sí 54: iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn tí ó gbá bọ́ọ̀lù ní sáà kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọn kan náà tí ó gbá a ní sáà kìíní. Ìgbáròkó wọn kò yẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò kúrú. Ohun tí ó yí padà kò sí lára ẹnikẹ́ni nínú wọn. Èkejì, kí n má purọ́ mọ́ owó: ní ọdún tí Maguire àti Wan-Bissaka dé, góòlù náà dín kù sí 36. Rírà ní èrè tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe mí ní kàyéfì jù: nígbà tí wọ́n fi Varane, ẹni tí kò sí ife ńlá tí kò gbà rí pẹ̀lú Real Madrid, kún àwọn tí ó ti wà nílẹ̀, góòlù náà gòkè di 57. Iye tí wọ́n gbá sí àwọ̀n ẹlòmíràn ní sáà náà kò lé, kò dín: 57 ni òun náà.

3. Gírámà ọwọ́ ẹ̀yìn

Gbogbo wa tí a wà nínú gbọ̀ngàn yìí mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì kan náà. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ohùn sókè níbi tí ó yẹ kí ó wà ní àárín, ọkọ ìyàwó ti di ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè. Kò sí lẹ́tà tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ náà; ipò tí ohùn wà sí lẹ́tà kejì ni ó bà á jẹ́.

Báyìí gan-an ni ọwọ́ ẹ̀yìn rí. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n tò ní ìlà kan níwájú aṣọ́lé. Bí ẹni tí ó wà ní apá ọ̀tún bá jáde lọ pàdé ọ̀tá, ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún wá dí àlàfo tí ó fi sílẹ̀, ẹni kẹta a sún tẹ̀ lé e, ẹni kẹrin a sún wọ àárín. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìlànà ọ́fúsáìdì mú ọ̀tá, gbogbo wọn ni yóò gbé ẹsẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni mẹ́ta bá gbé e, tí ẹnì kan sì dúró, ẹni tí ó dúró náà ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá láìfọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Aṣọ́lé ni ó ń wo gbogbo wọn láti ẹ̀yìn, tí ó ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Bí ọwọ́ àárín kò bá dúró níwájú wọn láti dá bọ́ọ̀lù dúró, tí ọwọ́ iwájú kò sì lé ẹni tí ó mú bọ́ọ̀lù, kí ó má baà ráyè wo ibi tí ó fẹ́ gbé e sí, bọ́ọ̀lù yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rin wọ̀nyí bí òjò tí ẹ̀fúùfù ń tì. Ẹ̀yìn kò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Láti iwájú ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìpinnu wọ̀nyí ni wọn ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Kò sí àyè láti bi ara ẹni léèrè. Bí a bá ń sọ Yorùbá, a kì í dúró ronú kí a tó gbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀, nítorí pé a ti bá èdè náà dàgbà. Àwọn mẹ́rin tí ó bá máa di ògiri gbọ́dọ̀ bá ara wọn dàgbà lọ́nà bẹ́ẹ̀, títí tí ẹnì kan yóò fi mọ ibi tí ẹnì kejì wà láìwo ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Wọn kò sọ pé kí búlọ́ọ̀kù tóbi. Àárín búlọ́ọ̀kù méjì ni ògiri ti ń lanu.

4. Ènìyàn kan náà, ìhun méjì

Ẹnì kan lè sọ pé àfiwé lásán ni mo ń ṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí wá.

Nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Euro 2020, èyí tí wọ́n gbá ní ọdún 2021, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje. Góòlù méjì péré ni ó wọ àwọ̀n wọn títí tí àkókò fi pé nínú àṣekágbá pẹ̀lú Ítálì ní ọjọ́ 11 oṣù keje. Pẹnáritì ni ó já ife náà gbà lọ́wọ́ wọn. Harry Maguire wà ní àárín ẹ̀yìn náà láti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta, Luke Shaw sì wà ní apá òsì. Wọ́n yan Maguire mọ́ àwọn mọ́kànlá tí ó dára jù nínú gbogbo ìdíje náà.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Maguire àti Shaw yìí kan náà wọ aṣọ Manchester United lórí pápá wọn ní Old Trafford, láti kojú Liverpool. Kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìdajì eré, góòlù mẹ́rin ti wọ àwọ̀n wọn. Márùn-ún ni ó parí sí, wọn kò sì rí ẹyọ kan gbá padà.

Oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ méjì ni ó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Ǹjẹ́ ẹnìkan lè gbàgbé bọ́ọ̀lù gbígbá láàárín oṣù mẹ́ta? N kò rò bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ṣoṣo, Gareth Southgate, ni ó ti ń kọ́ wọn láti ọdún 2016. Declan Rice àti Kalvin Phillips dúró bí igi àgánrán níwájú wọn. Àwọn tí ó wà níwájú pàápàá ń padà wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní Manchester, àlàfo wà láàárín iwájú àti àárín, àlàfo mìíràn tún wà láàárín àárín àti ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Gbólóhùn tí wọ́n fi í sí ni ó yàtọ̀.

5. Amọ̀ tí kò gbẹ

Kí ló dé tí wọn kò fi kọ́ gbólóhùn náà dáadáa? Ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn baba wa ṣe ń mọ ilé alámọ̀ yóò mọ̀ pé a kì í mọ ògiri dókè ní ọjọ́ kan. Wọn á mọ ipele kan, wọn á fi í sílẹ̀ kí oòrùn pa á, kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé ipele kejì lé e. Ẹni tí ó bá kánjú gbé amọ̀ tútù lé amọ̀ tútù, ojú rẹ̀ ni yóò ṣe tí ògiri náà yóò tẹ̀, tí yóò sì wó.

Láàárín ọdún 2013 àti 2024, David Moyes, Louis van Gaal, José Mourinho, Ole Gunnar Solskjær, Ralf Rangnick, Erik ten Hag àti Rúben Amorim ni wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lórí àga Ferguson, láìka àwọn tí ó dí àlàfo fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni méje ni, ohùn méje sì ni. Mourinho fẹ́ kí ẹ̀yìn dúró sísàlẹ̀, kí wọ́n há àyè mọ́ ọ̀tá. Rangnick fẹ́ kí wọ́n sún sókè, kí wọ́n sì lé ọ̀tá mọ́ ibi tí ó wà. Amorim fẹ́ ẹni mẹ́ta ní àárín ẹ̀yìn níbi tí ti ìṣáájú ti ń lo méjì. Luke Shaw, tí ó dé ní ọdún 2014, ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mẹ́fà nínú wọn. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá sì lọ, àwọn tí ó rà kì í bá a lọ. Wọ́n á jókòó de ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ kò wúlò mọ́. Èyí ni ó ṣàlàyé 28 tí ó di 54: Mourinho lọ ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan ohùn ti lọ ṣáájú rẹ̀.

Ìpalára náà kò gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí Crystal Palace fi góòlù 4–0 na Manchester United, Casemiro tí í ṣe ọwọ́ àárín àti Jonny Evans tí ó ti pé ẹni ọdún 36 ni wọ́n rí fi sí àárín ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìpalára máa ń ṣe gbogbo ikọ̀. Ilé tí ó bá ní ìhun, bí òpó kan bá yẹ̀, òrùlé rẹ̀ kì í já lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ní sáà 1990/91, góòlù 18 péré ni ó wọ àwọ̀n Arsenal nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Ta ni àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn wọn? Stoke City ni Lee Dixon àti Steve Bould ti wá, Wimbledon ni Nigel Winterburn ti wá, Tony Adams sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé. Kò sí ẹni tí ó fi owó ọba rà wọ́n. George Graham kan náà ni ó kọ́ wọn lójoojúmọ́, lọ́dọọdún.

Manchester United pàápàá ti mọ ògiri bẹ́ẹ̀ rí. Nemanja Vidić àti Patrice Evra dé ní oṣù kìíní ọdún 2006. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Evra gbá, Manchester City na wọ́n ní 3–1, wọ́n sì yọ Evra kúrò ní ìdajì eré. Ká ní òde òní ni, à bá ti ní kí wọ́n tà á. Ferguson kò tà á. Ó jẹ́ kí amọ̀ gbẹ. Ní sáà 2007/08, góòlù 22 ni ó wọ àwọ̀n wọn. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, Edwin van der Sar ṣọ́ ilé fún ìṣẹ́jú 1,311 nínú líìgì láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan wọlé.

Mo mọ ẹni tí ẹnu ń yún láti bi mí léèrè Virgil van Dijk. Òótọ́ ni: Liverpool san mílíọ̀nù 75 pọ́n-ùn lórí rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2018, góòlù tí ó wọ àwọ̀n wọn ní sáà 2018/19 kò sì ju 22 lọ. Ṣùgbọ́n Jürgen Klopp ti wà níbẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 2015, ó sì ti kọ́ àwọn tí ó wà níwájú àti ní àárín bí a ṣe ń lé ọ̀tá. Òkúta igun ilé ni van Dijk. Wọ́n ti mọ ògiri yòókù kí ó tó dé. Ẹni tí ó bá ra òkúta igun ilé láìní ògiri, òkúta ni ó ní.

6. Ẹni tí a dì í lé lórí

Bí ògiri bá wó, a kì í bú ìhun, nítorí pé ìhun kò ní ojú. Ẹnì kan ni a ń wá. Nínú eré-oníṣe Wọlé Ṣóyínká tí ó ń jẹ́ The Strong Breed, àlejò ni àwọn ará abúlé náà máa ń wá láti ru ẹ̀ṣẹ̀ ọdún jáde fún wọn. Ọmọ onílé kì í rù ú. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré náà lọ́pọ̀ ọdún kí n tó rí i pé orí pápá bọ́ọ̀lù náà ni a ti ń ṣe é. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni àlejò. Iye owó rẹ̀ ni ẹrù tí a dì lé e lórí.

Èébú Maguire kò mọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìparí ọdún 2022, nínú ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gánà, aṣòfin kan, Isaac Adongo, fi igbákejì Ààrẹ ilẹ̀ náà wé Maguire láti fi hàn pé kò mọ ètò ọrọ̀-ajé í dáàbò bò. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Adongo dìde nínú ilé kan náà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Maguire, nítorí pé agbábọ́ọ̀lù náà ti ń ṣe dáadáa. Mo yìn ín. Ènìyàn tí ó lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ayé ń bú kò pọ̀.

Èmi kò tọrọ rẹ̀. Ní ọdún 1985, mo jẹ́ balógun ikọ̀ bọ́ọ̀lù ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí n kò ní dárúkọ, àárín ẹ̀yìn ni mo sì ń gbá. Ọmọkùnrin kan wá dara pọ̀ mọ́ wa láti ìlú mìíràn. Ó ga, ó lágbára, kò sí ẹni tí ó lè fi orí gba bọ́ọ̀lù bí tirẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ó dé, wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ mi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá. Góòlù mẹ́rin wọ àwọ̀n wa. Nínú mẹ́ta nínú wọn, èmi ni mo sún síwájú láìpè é, òun sì kù sẹ́yìn. Nítorí náà, òun ni gbogbo ojú rí nítòsí bọ́ọ̀lù nígbà tí ó wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ tí ó ń bójú tó eré-ìdárayá bú u níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Mo wà lórí ìlà. Mo mọ òtítọ́, mo sì dákẹ́. Ọmọ náà kò tẹ orí pápá mọ́, kí ọdún tó parí, ó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀.

7. Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò wá láti kọ́ àwọn tí ó ni Manchester United ní iṣẹ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kọ́ bí a ṣe ń ka ìkùnà. Bí gbólóhùn kò bá dùn, kí a wo ìhun rẹ̀ kí a tó bú ọ̀rọ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń jò, kí a bi í léèrè: ta ni ó ń pè wọ́n, èdè wo ni ó fi ń pè wọ́n, ọdún mélòó ni wọ́n sì ti jọ ń gbọ́ ọ? Ìbéèrè yìí kò mọ sí orí pápá. Nínú iṣẹ́ ìjọba wa, àti nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa pàápàá, a mọ bí a ṣe ń yọ ọ̀gá kan tí a ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. A kì í dúró kí amọ̀ gbẹ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí Manchester United pàdé Lyon, góòlù mẹ́rin ni ó tún wọ àwọ̀n wọn lọ́jọ́ náà. Ògiri ṣì ń lanu. Ṣùgbọ́n nígbà tí àfikún àkókò fẹ́ parí, Maguire, ẹni tí wọ́n ti gba ipò balógun lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2023, ni ó fi orí kan góòlù karùn-ún tí ó gbà wọ́n là. Mo wò ó láti ilé mi. Ọmọkùnrin ọdún 1985 ni ó wá sí mi lọ́kàn. Bí ó bá wà láàyè níbikíbi, tí ìwé kékeré yìí sì bọ́ sí i lọ́wọ́, kí ó mọ̀ pé èmi ni mo sún síwájú láìpè é.